Màmá Funfun Lọ Sinmi Lórí Omi

Bọ̀dá mi ń sọ káàkiri pé mo jí ìyá òun gbé. Ó sọ ọ́ fún àwọn ẹbí, ó sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò, ó tilẹ̀ sọ ọ́ fún ọkùnrin tó wá bá wa tún páìpù omi ṣe. Ó dáa. Òun ti sọ tirẹ̀. Ó kan èmi náà báyìí, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí inú ṣì ń bí mi, bí inú bá sì ti ń bí mi, n kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ata ni wọ́n ń pè mí. Màmá ló sọ mí bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ó ní bí mo bá ti la ẹnu, ojú ẹni tó wà nítòsí á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Irun ni mò ń dì fún àwọn èèyàn. Ẹ bi àwọn oníbàárà mi, wọ́n á sọ fún yín pé ọwọ́ mi dùn, ẹnu mi ni kò dùn.

Ṣùgbọ́n ti Màmá ni mo fẹ́ sọ. Màmá kì í bínú. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ni yóò tún sọ pé, "Pẹ̀lẹ́." Yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí Bọ̀dá mi ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ títí ewú fi bo orí rẹ̀. Abẹ́ ilé ni yàrá náà wà. Ẹ máa sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, ẹ máa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí páìpù kún òkè rẹ̀, ooru á sì ti pàdé yín kí ẹ tó rí ilẹ̀kùn. Kò sí fèrèsé kankan níbẹ̀. Iná ni wọ́n ń tàn tọ̀sántòru. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ńláńlá wà lápá kan, wọ́n ń kù, wọ́n ń gbọ̀n. Ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ wà lápá kejì, aṣọ ibùsùn á wọ inú rẹ̀ ní rírún, á jáde ní títẹ́. Ibi tó ti ń jáde ni Màmá máa ń dúró sí, tí á máa ká a. Funfun ni gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Màmá Funfun.

Wọ́n kan ẹ̀rọ kan mọ́ ògiri tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń pè é láti òkè. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo máa ń fẹ́ sọ ẹ̀rọ yẹn lókùúta. "Màmá Funfun, aṣọ tán ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé o!" "Màmá Funfun, ẹ̀jẹ̀ ti ba tiwa jẹ́ o!" "Màmá Funfun, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Ibo ló tún fẹ́ lọ? Bó bá délé, bàbá wa á gbà á lẹ́nu wọn, torí àìsàn rọpárọsẹ̀ dá bàbá wa dùbúlẹ̀ pẹ́ kó tó kú. "Ìyá wọn, omi." "Ìyá wọn, bá mi yíra padà." Màmá á dáhùn, á dìde, á lọ.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó lẹ àwòrán kan mọ́ ọn tó ya lára kàlẹ́ńdà àtijọ́. Omi ni. Kò sí ọkọ̀ nínú rẹ̀, kò sí igi, kò sí ẹyẹ. Mo bi í nígbà kan pé, "Màmá, kí ló wà níbẹ̀ tí ẹ ń wò? Èmi ò rí nǹkan kan."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tó dára níbẹ̀ nìyẹn. Ó wù mí kí n dúró síbi tó jẹ́ pé mo wo iwájú, omi. Mo wo ẹ̀yìn, omi. Ìgbà kan ṣoṣo péré. Lẹ́yìn ìyẹn, n ò bẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́."

A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Obìnrin tí kò lè lúwẹ̀ẹ́, tó jẹ́ pé bí omi ìwẹ̀ bá kún ìkòkò, ẹ̀rù á máa bà á! Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Bọ̀dá mi. Òun ni àkọ́bí. Alága là ń pè é, torí kò sí ẹgbẹ́ tó wọ̀ tí kì í gba àga ibẹ̀: ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ àwọn òbí ní ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta táyà. Táyà ló ń tà. Látìgbà tí bàbá wa ti kú, òun ló ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé. Bó bá ti sọ ọ́ tán, Màmá á ní, "Bí ọkọ mi ṣe wí ni." Kì í já a níyàn lójú èèyàn láéláé. Ó ní ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ bá fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ ní gbangba, ta ni yóò tún bọ̀wọ̀ fún un? Èmi a sì máa sọ pé kí wọ́n fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ díẹ̀, bóyá ó lè ṣe é láǹfààní. Màmá á ní, "Ata, gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

Nígbà tí Màmá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, Alága pè wá jọ sí pálọ̀ rẹ̀. Òun, ìyàwó rẹ̀, Màmá àti èmi la wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó dìde dúró kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ẹbí mi," bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé a kún gbọ̀ngàn. Ó ní òun ti bá àwọn ọlọ́kọ̀ òkun sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá, a máa gbé Màmá lọ sórí omi, gbogbo wa pátá.

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi Ata, tí n kì í kí Alága láì bá a jà, mo kúnlẹ̀ mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kíkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ yẹn, ó ń dùn mí lórúnkún di òní.

Mo ṣáà bi í pé, "Bọ̀dá, yàrá Màmá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó ní fèrèsé o."

"Ata, ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá? Ó ní fèrèsé."

A dé èbúté lọ́jọ́ ìrìnàjò. Ọkọ̀ náà ga ju ilé ìwòsàn Màmá lọ. Wọ́n fún kálukú wa ní káàdì kan, òun la fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá, òun náà ni wọ́n sì máa ń wò kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, Alága ti gba gbogbo rẹ̀ sínú báàgì rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà sọ tirẹ̀ nù. Obìnrin tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn odindi, tí kò sọ ọ̀kan nù rí! Bó bá fẹ́ wọlé lọ jókòó báyìí, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ti máa lọ tọrọ àyè.

Èmi àti Màmá la jọ wà ní yàrá kan. A wọ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè sódò, mo rò pé òkè là ń lọ. Ìsàlẹ̀ ló gbé wa lọ. Ó ń lọ, ó ń lọ, títí a fi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí páìpù kún òkè rẹ̀, tí nǹkan kan ń kù lẹ́yìn ògiri. Màmá dúró, ó tẹ́tí sílẹ̀. "Ẹ̀rọ ìfọṣọ nìyẹn," ó wí. Mo fi káàdì tí Alága yá wa ṣílẹ̀kùn.

A wọ yàrá. Kọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù kan wà lára ògiri, ó gùn délẹ̀. Inú Màmá dùn. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi lọ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ya kọ́tìnnì náà sí méjì.

Àwòrán ni. Àwòrán òkun, wọ́n gbé e sínú férémù bíi fèrèsé, wọ́n kàn án mọ́ ògiri. Màmá na ọwọ́, ó fi kàn án, ó sì rọra fa kọ́tìnnì náà padà.

Èmi ò fa nǹkan kan padà. Mo sáré gun òkè lọ sí yàrá Alága. Ẹ gbà mí o! Yàrá rẹ̀ ní ilẹ̀kùn dígí, ilẹ̀kùn dígí náà ṣí sí bákónì, bákónì náà ní àga ìrọ̀gbọ̀kú méjì, òkun gidi sì wà níbẹ̀ tó ń tàn yanran. Ìyàwó rẹ̀ ti wọ awò dúdú, ó ti na ẹsẹ̀.

"Bọ̀dá, ògiri ni ẹ rà fún Màmá!"

"Rọra. Àwọn tó ní fèrèsé ti tán kí n tó débẹ̀."

"Tiyín ńkọ́? Kò tán?"

"Mo kó ọmọ dání, Ata. Àwọn ọmọdé nílò atẹ́gùn."

Atẹ́gùn! Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì Màmá nísàlẹ̀, níbi tí kò ti sí atẹ́gùn kankan. Ìyàwó rẹ̀ ló mú wọn wá. Ó kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ tutù: "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá wa wo àwọn ọmọ díẹ̀, a fẹ́ lọ wo eré." Díẹ̀ yẹn ni wọn ò fi wá kó wọn mọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá di ọwọ́ mi mú. "Ata, gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ó gbìyànjú tó gbé mi wá."

Ìyẹn ò tíì burú. Ọkọ̀ ti kúrò létí èbúté, gbogbo èèyàn ti tò sí ẹ̀gbẹ́ irin lókè, wọ́n ń juwọ́ sí ìlú. Màmá nìkan ni kò wo ẹ̀yìn. Ó di ọmọ kan mú ní ọwọ́ ọ̀tún, ìkejì ní ọwọ́ òsì, ojú rẹ̀ wà ní iwájú, níbi tí omi àti ojú ọ̀run ti pàdé. Bí mo ṣe ń wò ó, nǹkan kan hó nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó kù rìrì, ó sì dákẹ́ wẹ́lo.

Ohùn kan jáde nínú ẹ̀rọ lókè orí wa, ó dùn bí oyin: "Ẹ̀yin àlejò wa ọ̀wọ́n, ìdádúró kékeré kan ṣẹlẹ̀. Ẹ máa gbádùn ara yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ìdádúró kékeré yẹn ló jẹ gbogbo ìsinmi wa ní àjẹtán. Ẹ́ńjìnì ti bàjẹ́. Ojúkan náà la wà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ jáde sí ìta, ìlú yín tí ẹ tìtorí rẹ̀ sá kúrò nílé, òun náà rèé lọ́ọ̀ọ́kán tó ń wò yín. Mo rí afárá. Mo rí òrùlé ọjà. Mo rí ọ̀pá èéfín ilé ìwòsàn, èéfín funfun ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Màmá náà rí i. "Wọ́n ń fọṣọ," ó ní, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Ẹ̀rọ amúlétutù kọ́kọ́ kú. Omi ìwẹ̀ wá ń kán tó, tó, tó. Wọ́n fa omi inú ibi ìlúwẹ̀ẹ́ gbẹ, àwọn ọmọdé wá ń gbá bọ́ọ̀lù nínú kòtò. Èèyàn á tò nítorí búrẹ́dì títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ilé ìyàgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Gbogbo ìgbà yẹn, àwọn olórin ọkọ̀ ń kọ orin kan náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé bó bá tún ní kí n pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ ni màá pa á sí.

Alága ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń pe ìpàdé. Ó ti dá ẹgbẹ́ àwọn èrò tí inú ń bí sílẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó jẹ́ alága.

Màmá ńkọ́? Bó bá ti jí, á ká aṣọ ibùsùn tirẹ̀, á ká tèmi, á ká ti àwọn ọmọ, igun á bá igun mu, á fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre, àwọn tí wọ́n ń sanwó fún un wà níbí." Ó ní ọwọ́ òun ni kò mọ nǹkan míì í ṣe. Kó tó ká a tán, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. "Màmá, mo fẹ́ tọ̀!" "Màmá, ó gbá mi!" Ìyàwó Alága á yọ orí sílẹ̀kùn: "Màmá, ṣé ẹ bá mi rí bàtà ọmọ yìí?" Alága á pè é lórí fóònù láti orí bákónì rẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwọn ọmọ wá jẹun." Lórí fóònù o! Nínú ọkọ̀ kan náà! Màmá á dáhùn, á dìde, á lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè fún ara rẹ̀. Bó bá pàdé ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, á dá a dúró. "Ọmọ mi, ìgbà wo la máa dé ibi tí a ò ti ní rí ilẹ̀ mọ́?"

"Láìpẹ́, Màmá."

Nígbà tó yá, àwọn ọkọ̀ kéékèèké méjì wá, wọ́n wọ́ wa padà sí èbúté bí ewúrẹ́ tó já okùn. Àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe wọlé. A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ. Ó ní ẹ́ńjìnì ti jí. Ó ní àsìkò ti lọ, a ò lè dé àwọn erékùṣù tí wọ́n ṣèlérí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀, bọ́ọ̀sì ń dúró, wọ́n á dá díẹ̀ padà nínú owó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, ọkọ̀ á gbé e lọ sí agbami, á sì gbé e padà lọ́jọ́ kejì.

Màmá gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Agbami," ó wí. "Ata, ṣé o gbọ́? Ó ní agbami."

N ò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ní yàrá ìfọṣọ, ẹ ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n sọ fún pé kó lọ wọ aṣọ tuntun. Mo ní, "Mo gbọ́, Màmá." Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, ó tán, gbogbo ìyà yìí ti lérè.

A débi tí àwọn èrò kóra jọ sí. Alága ti dé ibẹ̀ ṣíwájú wa. Ó wà lórí àga, àga onígi gidi lọ́tẹ̀ yìí, ó gun orí rẹ̀, ó ń pariwo mọ́ obìnrin òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó wà nídìí tábìlì. Bó ṣe rí Màmá, ó nawọ́ sí i.

"Ẹ wo ìyá mi! Ẹ wo obìnrin yìí! Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi fọ aṣọ tí ẹ fi sùn nígbà tí ara yín ò yá! Irú ìwọ̀sí wo lẹ wá fi san án fún un? A ò ní gbà! Ẹbí mi ò ní dúró nínú páńtí yìí mọ́! À ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo wa!"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná.

"Bọ̀dá! Ẹ bi Màmá léèrè kí ẹ tó sọ̀rọ̀!"

"Ata, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ onírun dídì."

"Mo ní kí ẹ bi í! Ẹnu wà lẹ́nu rẹ̀! Màmá fẹ́ dúró!"

Ariwo wa gba gbogbo ibẹ̀. Ó ń sọ tirẹ̀, mò ń sọ tèmi, Màmá dúró láàárín wa. Alága wá bojú wolẹ̀ láti orí àga rẹ̀, lójú gbogbo èrò: "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ dúró kí wọ́n tún máa fi ìwọ̀sí lọ̀ yín?"

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbéèrè nìyẹn?

Màmá wo àwọn èèyàn tó ń wò ó. Ó wo ọmọ rẹ̀ lórí àga. "Bí ọkọ mi ṣe wí ni," ó ní.

Ó wù mí kí n ti àga yẹn ṣubú. Alága ti ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́ bí ẹni tó wọlé ìbò.

A sọ̀kalẹ̀. Oòrùn mú lórí èbúté, ẹrù wa wà nílẹ̀, a tò síbi bọ́ọ̀sì. Ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń gba káàdì padà, ẹni tó bá ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọkọ̀ wà lẹ́yìn wa, ó ń tú èéfín díẹ̀díẹ̀, ó ti ń múra àtilọ.

"Ọkọ mi," Màmá pe Alága.

"Màmá."

"Mo gbàgbé ìborùn mi sí yàrá."

"Ìborùn! Màmá, màá ra òmíràn fún yín."

"Bàbá yín ló rà á fún mi."

Alága pòṣé, ṣùgbọ́n kò lè já ti bàbá wa ní koro. Ó ṣí báàgì, ó fa káàdì méjì yọ. "Ata, bá wọn lọ kí wọ́n má baà ṣìnà. Ẹ tètè o! Bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè yín."

A gòkè padà. Màmá ń rìn kíákíá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré tẹ̀ lé e. A wọ yàrá. Mo wo orí bẹ́ẹ̀dì, mo wo abẹ́ rẹ̀, mo wo inú dúrọ́ọ̀, n ò rí ìborùn. Nígbà tí mo máa yíjú padà, Màmá ti jókòó. Ó ṣí báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó fa ìborùn náà yọ, ó ta á sí èjìká.

"Màmá, ìborùn tí ẹ ní ẹ gbàgbé?"

"Ti ilẹ̀kùn."

"Màmá, bọ́ọ̀sì—"

"Mo ní kó o ti ilẹ̀kùn, Ata!"

N ò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti bí mi. Mo ti ilẹ̀kùn.

"Inú ń bí mi," ó ní. "Ṣé o gbọ́ mi? Inú ń bí mi! Ó ń bí mi nígbà tí mo ya kọ́tìnnì yìí tí mo bá ògiri. Ó ń bí mi nígbà tó gba káàdì lọ́wọ́ mi bíi pé ọmọ iléèwé ni mí. Ó ń bí mi nígbà tó gun àga tó ń fi mí ké bíi pé mo ti kú. Ìwọ náà! Bí wọ́n bá ti ṣe mí ní nǹkan kan, o ti bínú. N ò tíì mọ̀ bóyá ó dùn mí, o ti pariwo. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ pín gbogbo ìbínú inú ilé yẹn láàárín ara yín, ẹ ò ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi."

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ṣáà ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ níbẹ̀ nígbà náà?"

"Kí n já ọmọ mi níyàn lójú gbogbo ayé? N ò já a níyàn. Ó ní ká sọ̀kalẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀. Kò sọ pé kí n má tún gòkè."

Ó dìde. "Jẹ́ ká lọ sókè."

Wọ́n ti ń tú okùn nígbà tí a débi irin. Alága wà nísàlẹ̀, ó ti rí wa. Ó ń sáré létí èbúté, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí. "Màmá! Màmá o! Ẹ dúró! Màmá!" Ìyàwó rẹ̀ di àwọn ọmọ mú, àwọn ọmọ ń juwọ́ sí ìyá àgbà wọn, inú wọn dùn. Fóònù dún nínú báàgì Màmá. Ó mú un jáde, ó wò ó, ó dá a padà síbi tó wà. Alága bọ́ sórí tèmi, mo gbé e.

"Ata! Ìwọ lo kọ́ wọn! O jí ìyá mi gbé!"

"Rárá o, Bọ̀dá," mo ní. "Ìborùn la ṣì ń wá."

Mo gbọ́ bó ṣe ń bú mi títí ohùn rẹ̀ fi ń já lórí fóònù. Inú ń bí mi sí i, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń dá a lóhùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ mi mọ́. Ọkọ̀ ń lọ. Afárá kéré, ó lọ. Òrùlé ọjà lọ. Ọ̀pá èéfín ló pẹ́ jù, ó di ìka kan, ó di abẹ́rẹ́, a ò rí i mọ́. Fóònù inú báàgì Màmá ṣì ń dún. Ó ń dún, ó ń dákẹ́, ó ń dún. Nígbà tó ṣe, ó dákẹ́ pátápátá.

Kò sí nǹkan kan níwájú wa àfi omi. Mo wẹ̀yìn, omi ni. Oòrùn ṣì wà lókè, gbogbo rẹ̀ ń dán. Màmá fi irin sílẹ̀. Ó rọra yí ara rẹ̀ ká, ó wo ọ̀tún, ó wo ẹ̀yìn, ó wo òsì, títí ó fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń dúró kó sọ pé ó dára, kí n lè sọ pé Alága ò bá ti fi dù ú. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu.

"Kò sẹ́ni tó lè pè mí níbí," Màmá wí.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kì í ṣe èmi ló ń sọ ọ́ fún.

Atẹ́gùn dìde. Ìborùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lẹ́lẹ́, apá kan ti yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀, kò sì mọ̀. Mo la ẹnu kí n pè é, kí n ní, "Màmá, ìborùn yín!" Èmi Ata, tí ẹnu mi kì í sinmi, mo pa á dé. Ìborùn náà bọ́, ó gba orí irin kọjá, ó bà sórí omi. Màmá rí i nígbà náà. Ó wò ó bó ṣe ń jìnnà lọ, kò na ọwọ́ sí i.